Ìjòyè Faransé Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Mú Mi Kúrò Nílé Màmá

Eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà nígbà tí wọ́n mú mi wá sí Dagenham, ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò sì mọ ohun tí mo wá ṣe. Bàbá mi kàn sọ fún mi ní Abẹ́òkúta pé kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì wọlé lọ. Ìyá mi kò tiẹ̀ jáde sí ìta. Obìnrin kan tó ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù ló fà mí lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, òun ló sì fà mí lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Màmá ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, Dádì ni mo sì ń pe ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé ilé wọn ní òpópónà Alibon, níbi tí gbogbo ilé ti jọra débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣi ilé wọ̀ kí oṣù kan tó pé. Obìnrin òyìnbó tí mo ṣi ilé rẹ̀ wọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta fún mi ní bisikíìtì kan, ó sì fi ìka tọ́ka ilé wa sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà. Ní nǹkan bí oṣù kan kí n tó kúrò nílé, mo mú yẹtí wúrà ìyá mi, mo ń fi ṣeré létí kànga, ọ̀kan bá bọ́ sínú omi. Wọn ò nà mí. Wọn ò tiẹ̀ bá mi wí. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n máa lọ sí ìlú òyìnbó, mo gbà pé ìyà yẹtí náà ni mo ń jẹ, pé ńṣe ni wọ́n lé mi nílé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọdé a máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri, àwọn àgbà á sì máa rò pé ebi ló ń pa á.

Dádì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò, níbi tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé tuntun Beam Park sí báyìí. Tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, òróró dúdú á ti wọ inú èékánná rẹ̀, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, kò ní lọ tán. Lẹ́yìn náà lá wá jókòó sídìí oúnjẹ. Gààrí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ìrẹsì lílọ̀ ni Màmá fi ń ṣe òkèlè, ọwọ́ la sì fi ń jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n fi tówẹ̀lì kọ́ apá òsì, kí n gbé abọ́ àti jọ́ọ̀gì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, kí n kúnlẹ̀, kí n sì máa rọra da omi sí Dádì lọ́wọ́. Màmá náà á na ọwọ́ tirẹ̀. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, màá lọ jókòó sí kíṣìnì títí wọn á fi jẹ tán, kí n tó jẹ tèmi. Kò ṣàjèjì sí mi rárá, bí a ṣe ń ṣe é ní Abẹ́òkúta náà nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ràn níbẹ̀ ni bí ilẹ̀ ṣe máa ń tutù sí mi lórúnkún.

Ilé ìwé tí mo ń lọ kò jìnnà. Tísà wa jẹ́ ọmọge òyìnbó kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀, tó sì fẹ́ràn ìtàn ayé àtijọ́ ju ìṣirò lọ. Ní táàmù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìgbésí ayé ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé kan fún wa, ẹni tó ti gbé láyé tipẹ́tipẹ́, nígbà tí irú wọn ń gbé inú ilé olókùúta tí omi yí ká. Ọ̀sán Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan ló máa ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìjòyè ni èmi ń pè é lọ́kàn mi, torí bí Tísà ṣe ṣàlàyé ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹṣin rẹ̀ àti àwọn tó ń tẹrí ba fún un, mi ò rí orúkọ mìíràn tó bá a mu.

Nígbà tí ìjòyè yìí pé ọmọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ gbé e gun ẹṣin, ó ní kí wọ́n mú un lọ sílé ìjòyè mìíràn, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin sílé. Ìyá rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé. Nígbà tó dé ilé tuntun náà, kò sẹ́ni tó fi idà lé e lọ́wọ́. Abọ́ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Òun ló ń gbé omi tí olúwa rẹ̀ fi ń ṣan ọwọ́ kó tó jẹun, pẹ̀lú tówẹ̀lì lápá. Òun ló ń bu ọtí, tó sì ń dúró lẹ́yìn àga títí àwọn àgbà á fi jẹ tán. Ó ṣe èyí fún ọdún méje gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń bá olúwa rẹ̀ gbé apata, tó ń tọ́jú ẹṣin, kí wọ́n tó wá sọ òun náà di jagunjagun orí ẹṣin.

Ẹ bá mi wo bí mo ṣe jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òyìnbó, gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ló dà bí ìtàn àwọn ẹlòmíràn. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí mo mọ bí abọ́ inú rẹ̀ ṣe wúwo tó.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Tísà sọ pé nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọkùnrin náà di jagunjagun orí ẹṣin, wọ́n wẹ̀ fún un, wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo nawọ́ sókè, mo ní mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Tísà bi mí pé èwo ni, mo ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, pé Aládùúrà ni ọkùnrin náà. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ kò dùn mí, torí ó dá mi lójú. Ẹni tó wẹ̀, tó wọ funfun, tó tún ṣe ìṣọ́ òru, kí lẹ tún fẹ́ kó jẹ́?

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni iṣẹ́ tí Tísà fún wa lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní kí a kọ lẹ́tà sí bàbá ìjòyè náà, kí a sọ ohun tí a rò nípa bó ṣe rán ọmọ ọdún méje lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la dìde láti ka tiwa. Gbogbo wọn ló bú bàbá náà: ìkà ni, kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ó sọ ọmọ di ẹrú. Mo ń gbọ́, inú ń bí mi, torí bàbá tèmi ló dà bíi pé wọ́n ń bú. Nígbà tó kàn mí, mi ò ka ohun tí mo kọ. Mo ní kì í ṣe ìkà, pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tó máa di ènìyàn nìyẹn, pé èmi náà ń ṣe é nílé lójoojúmọ́. Wọn ò gbà mí gbọ́. Mo bá gbé abọ́ àti ife tí a fi ń fọ búrọ́ṣì ọ̀dà, mo fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ apá, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Tísà, mo sì da omi sí i lọ́wọ́ dáadáa láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sílẹ̀.

Mo rò pé á yìn mí. Ó kàn gba aṣọ ìnuwọ́ náà, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ ṣeré, ó dá mi dúró, ó sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé lójoojúmọ́ ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé mo máa ń bá wọn jẹun lórí tábìlì? Rárá, kíṣìnì ni. Ìyá mi ńkọ́? Ó wà ní Nàìjíríà. Ta ló ń fọ àwo? Mo fi ìyangàn sọ fún un pé èmi ni mo ń fọ gbogbo rẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ. Àmọ́ kò bi mí bóyá Dádì máa ń ṣẹ́ ẹran tó tóbi jù kù sínú àwo fún mi, kò sì bi mí nípa ohun tí Màmá máa ń sọ nígbà tí mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀, nítorí náà mi ò sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìdúró. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba kan máa wá wo bí mo ṣe ń gbé, ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní sóṣíà. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà tí kò mọ ohun tí ìyẹn lè dà. Wọ́n lè mú ọmọ lọ. Màmá pè mí, ó ní, "Kí lo tell tísà yín nípa wa?" Mo ní mo sọ fún un pé mò ń ṣe bíi ìjòyè Faransé. Kò nà mí. Ó kàn jókòó sórí àtẹ̀gùn, omijé sì lé ròrò sí i lójú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìhà kejì Lọ́ńdọ̀nù, bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí kò tíì sí ṣọ́ọ̀ṣì wa kankan nítòsí. Ìyá àgbà kan níbẹ̀ gba Màmá nímọ̀ràn pé kó gbé abọ́ náà pamọ́, kó ra fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ, kó má jẹ̀ẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, kó sì sọ pé òun ló bí mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ni Màmá ń kọ́ mi bí màá ṣe kí obìnrin sóṣíà náà lórí ìdúró, tí màá na ọwọ́ sí i, tí màá sì wò ó lójú. Inú Dádì ò dùn sí i. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ wọn láti orí àtẹ̀gùn.

"Mi ò ní fi fọ́ọ̀kì jẹ òkèlè nítorí visitor," ni Dádì wí, "mi ò sì ní purọ́ pé èmi ni mo bí i. Truth la máa sọ."

"Tí wọ́n bá take ọmọ yìí ńkọ́?" ni Màmá bi í. "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àbúrò mi?"

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ronú. Láti ìgbà tí mo ti dé, n kò mọ̀ pé ẹnì kan lè máa bẹ̀rù pé mo máa lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ lobìnrin náà dé, arúgbó díẹ̀, pẹ̀lú báàgì ńlá àti bàtà tó ti ń dùn ún lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí Màmá fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ mi fò lọ, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Màmá ti di ojú rẹ̀. Àwọn fọ́ọ̀kì tuntun ń dán lórí tábìlì nídìí ìrẹsì funfun. Dádì dé láti ibi iṣẹ́, ó kí àlejò, ó fọ òróró ọwọ́ rẹ̀ ní kíṣìnì, ó wá jókòó. Ó wo fọ́ọ̀kì, ó wo Màmá, lẹ́yìn náà ló rọra bi mí pé abọ́ òun dà.

Mo mọ ibi tí Màmá gbé e pamọ́ sí lábẹ́ ibùsùn, mo lọ gbé e wá. Mo kọ́ tówẹ̀lì, mo kúnlẹ̀, mo ń da omi. Ó dà bíi pé Màmá fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n kò lè rí mi lórí ìkúnlẹ̀ kó má ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, láti orí bàbá bàbá bàbá mi tó jagun fún àwọn Ẹ̀gbá, dé orí ìyá àgbà tó ń pa aṣọ láró, wálẹ̀ dé orí èmi. Obìnrin náà bi Dádì pé kí ló ń sọ. Dádì ní ó ń ka àwọn tí mo ti ara wọn wá fún mi, kí n má baà gbàgbé. Obìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí èmi àti òun jáde sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí Dádì gbin ànàmọ́ òyìnbó sí. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ máa gbé ibẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó sì parí síbẹ̀. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ọ̀rọ̀ yẹtí. Mo sọ ti kànga fún un, mo sì bi í bóyá ìjọba mọ ìdí tí bàbá mi fi lé mi nílé. Ó ní òun ò mọ̀. Ó lọ pe Màmá wá, ó sì ní kí n bi í fúnra mi.

Mo bi í. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣì so épírọ́ọ̀nù mọ́ ara. Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wá rí ojú mi.

"Ta ló lé ọ? Èmi ni mo tọrọ rẹ," ló wí. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi wá ọmọ, mi ò rí. Mo wá sílé, o wà ní school lọ́jọ́ náà, mo lọ bá bàbá rẹ ní pálọ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ní kó fún mi ní ọmọ kan kí n rí ẹni tọ́. Ìwọ nìkan ló sì bí nígbà yẹn. Ìyá rẹ sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, òun náà ló sì di ẹrù rẹ. Kò jáde lọ́jọ́ tí o ń lọ torí kò lè dìde."

Obìnrin náà ní kí n sọ ohun tí Màmá wí fún òun. Mo sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì bí agbára mi ṣe mọ. Mo ní láti ṣàlàyé fún un pé nílùú wa, àbúrò ló ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, pé Màmá ni ẹ̀gbọ́n. Ó dé ìdérí gègé rẹ̀. Ó jókòó ti Màmá lórí pèpéle ẹ̀yìn ilé, ó wá béèrè bóyá òun lè rí tíì mu.

Wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin náà ní kí wọ́n yí padà ni pé kí n máa bá wọn jẹun lórí tábìlì. Dádì ní ìyẹn ò le. Láti ọjọ́ náà lọ, tí mo bá ti da omi sí i lọ́wọ́ tán, á gba jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ mi, á da sí èmi náà. Obìnrin náà tún wá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ òkèlè ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní ata ti pọ̀ jù. Ní ti yẹtí, ìgbà tí mo dàgbà tí mo lọ kí wọn nílé ni ìyá mi sọ fún mi pé òun ti rò pé ọjà ló ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ̀bi ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Mi ò dá Tísà lẹ́bi o. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ ṣe ló ṣe. Àwọn ọmọ kan wà nígbà náà, wọ́n ṣì wà títí di òní, tí wọ́n mú wá láti ilé tí wọ́n sì sọ di ọmọ ọ̀dọ̀, tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Tísà yìí náà ló parí ìtàn ìgbésí ayé ìjòyè náà fún wa. Ọkùnrin náà jagun, ó la òkun kọjá, ó padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí kò tẹ̀ dáadáa mọ́, ó gbéyàwó, ó sì bí ọmọkùnrin kan. A bi Tísà pé nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méje ńkọ́? Ó ní bàbá rẹ̀ gbé òun náà gun ẹṣin. Gbogbo kíláàsì kérora. Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá ìjòyè náà dúró wò ó títí tó fi lọ tán, Tísà ní ìwé kò kọ ìyẹn.

Ayé ti yí padà. Lónìí, kí ẹ tó rìn dé ọjà East Street ní Barking, ẹ ó ti pàdé àwọn aláṣọ funfun tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gààrí sì wà nínú àpò níwájú ìsọ̀ bí ẹ̀fọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń dì mọ́ mi láti kí mi, tí wọ́n bá sì gbìyànjú láti kúnlẹ̀, èmi gan-an ló ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fún ara wọn lọ́mọ tọ́ ló ti yí padà jù, mo sì wà lára àwọn tó yí i padà.

Lẹ́yìn tí mo ti lọ, àwọn òbí mi bí àbúrò mi obìnrin kan. Ó lọ́kọ ní Ìbàdàn, kò sì rọ́mọ bí. Nígbà tí ọmọ mi kejì pé ọdún mẹ́fà, àbúrò mi yìí wá kí wa ní Alibon fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ku ọ̀la kó máa lọ ló bá mi ní kíṣìnì, ó di báàgì rẹ̀ mú, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín kí n tọ́." Mo sọ ọ̀rọ̀ òfin fún un. Mo sọ ti ìwé ìrìnnà, mo sọ ti ilé ìwé, mo sọ pé ọmọ náà ń ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó ní ó yé òun, pé kí n má bínú, ó sì bá mi fọ àwọn àwo tó wà nílẹ̀. Kò tọrọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àlàáfíà ọmọ mi yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Mi ò sọ pé ohun tí mo ṣe kò dáa. Ayé ìsinsìnyí ò gba irú ẹ̀ mọ́, ọkàn mi náà ò sì gbà á. Àmọ́ tí a bá gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn mi máa ń lọ sí pálọ̀ bàbá mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá mi ní nígbà náà, ó sì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi bí mẹ́rin, mi ò rí ọ̀kan fún àbúrò mi.